Louis Braille, Afọ́jú Tí Ó Fi Ọ̀nà Han Àwọn Afọ́jú

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ti gbọ́ pé ìwé kan wà tí àwọn afọ́jú ń fi ọwọ́ kà, tí a ń pè ní Braille. Ṣùgbọ́n a ti ṣàkíyèsí pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ pé orúkọ ènìyàn ni Braille í ṣe. Àwọn mìíràn tí ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa rò pé ẹni tí ó ríran ni, àti pé àánú ni ó mú kí ó hùmọ̀ ìwé náà fún àwọn tí kò ríran. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Afọ́jú ni òun fúnra rẹ̀. Ọmọ ọdún 15 ni nígbà tí ó rí ìdí iṣẹ́ náà, àwọn tí ojú wọn là, tí ń ṣe àkóso ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, sì pẹ́ púpọ̀ kí wọ́n tó gbà á. Bí èyí ti rí ni a fẹ́ sọ nínú ìwé wa ti oṣù yìí.

A bí Louis Braille ní ọjọ́ 4 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1809, ní Coupvray, ìletò kan ní ìhà ìlà-oòrùn Paris, ní ilẹ̀ Faransé. Simon-René ni orúkọ bàbá rẹ̀, Monique ni ti ìyá rẹ̀, òun sì ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ mẹ́rin. Iṣẹ́ awọ ni bàbá rẹ̀ ń ṣe: ó ń ṣe gàárì àti ìjánu, àti okùn awọ tí a fi ń so ẹṣin mọ́ kẹ̀kẹ́. Nígbà tí Louis di ọmọ ọdún 3, ó wọ ibi iṣẹ́ bàbá rẹ̀ lọ, ó mú ohun èlò mímú kan, ó sì fẹ́ fi dá awọ lu gẹ́gẹ́ bí ó ti ń rí i tí àgbà ń ṣe. Ohun èlò náà yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì gún un ní ojú kan. Òòlu ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ pé ó jẹ́, irú èyí tí a kà nípa rẹ̀ nínú òfin Mósè, tí a fi ń lu etí ẹrú tí kò fẹ́ fi olúwa rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ wọnnì kò sí oògùn tí ó lè dá irú egbò bẹ́ẹ̀ dúró. Ó kẹ̀, ó sì ràn dé ojú kejì. Nígbà tí ọmọ náà fi máa pé ọdún 5, kò rí ìmọ́lẹ̀ mọ́.

Ìdílé rẹ̀ kò jókòó tì í kí wọ́n máa sunkún. Àlùfáà ìlú náà, Jacques Palluy, mú ọmọ náà sọ́dọ̀, ó ń kọ́ ọ ní ohun tí etí lè gbọ́ àti ohun tí ọwọ́ lè fọwọ́ bà. Lẹ́yìn èyí a bẹ olùkọ́ ilé-ìwé ìletò náà, ó sì gbà kí Louis máa bá àwọn ọmọ yòókù jókòó. Ohun tí wọ́n ń kà nínú ìwé, òun ń fi etí gbà á, ó sì ń fi orí pa á mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ní kí àwọn ọmọ ṣí ìwé wọn, tàbí kí wọ́n mú kálámù, ọwọ́ òfo ni ó kàn án.

Ó yẹ kí á mọ ohun tí ó wà níwájú ọmọ afọ́jú ní ìgbà náà. Agbe ṣíṣe ni. Ní Paris, láti nǹkan bí ọdún 1260, Ọba Louis Kẹsàn-án ti kọ́ ilé kan tí ó gba 300 afọ́jú. Wọ́n ń rí ibi sùn níbẹ̀, síbẹ̀síbẹ̀ agbe ni púpọ̀ nínú wọn ń ṣe ní ìgboro. Kì í ṣe pé àwọn ènìyàn kò láàánú. Àwa náà mọ bí ó ti ń rí nígbà tí a bá sọ owó sínú igbá ẹni tí ọmọ kékeré ń fi ọ̀pá fà kiri, tí ọkàn wa sì balẹ̀ pé a ti ṣe é tán.

Ní ọdún 1771 ọkùnrin kan tí a ń pè ní Valentin Haüy wọ ọjà àjọ̀dún kan ní Paris, ó sì rí àwọn afọ́jú kan tí a tò jọ ní ilé ọtí kan. A dé wọn ní fìlà ẹ̀fẹ̀, a fi awò ojú ńlá tí a fi páálí ṣe bò wọ́n lójú, a gbé ìwé orin tí wọn kò lè rí síwájú wọn, a sì ní kí wọ́n máa ta gòjé. Ariwo lásán ni ó ń jáde. Àwọn èrò ń rẹ́rìn-ín, ẹni tí ó ni ilé ọtí sì ń pa owó. Ọ̀ràn yìí kò kúrò lọ́kàn Haüy. Ní ọdún 1784 ó mú ọmọkùnrin afọ́jú kan, François Lesueur, tí ń ṣagbe ní ẹnu-ọ̀nà ilé Ọlọ́run, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ ní ìwé kíkà, ó sì ń san owó agbe rẹ̀ fún un kí ebi má ba à pa á. Ní ọdún 1785 ó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn afọ́jú, èkínní irú rẹ̀ ní gbogbo ayé.

Ilé-ẹ̀kọ́ yìí ni a mú Louis lọ ní oṣù Kejì ọdún 1819, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 10. Haüy kò sí níbẹ̀ mọ́ ní ìgbà náà. Ó ti lọ sí ilẹ̀ Rọ́ṣíà lọ ṣiṣẹ́, nígbà tí ó sì padà, olùdarí tí ó bá níbẹ̀ kò jẹ́ kí ó tẹ ẹsẹ̀ wọ ilé tí òun tìkara rẹ̀ dá sílẹ̀. Ọdún 1821 ni olùdarí tuntun, Pignier, tó ránṣẹ́ pe arúgbó náà, tí àwọn ọmọ sì kọrin fún un. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ó kú.

Ilé náà fúnra rẹ̀ kò dára. Ó ti gbó, ó tutù, ara ògiri rẹ̀ a sì máa rin. Ní ìgbà ìdàrúdàpọ̀ ńlá ilẹ̀ Faransé a ti fi í ṣe ilé ẹ̀wọ̀n fún àwọn àlùfáà, a sì pa púpọ̀ nínú wọn níbẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1792. Nínú òtútù yìí ni àwọn ọmọ ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti orin. Louis mọ bàtà inú-ilé ṣe tó bẹ́ẹ̀ tí a fi í ṣe olórí àwọn ọmọ tí ń ṣe bàtà. Ó mọ dùùrù tẹ̀ pẹ̀lú, ẹ̀bùn yìí ni ó sì wá di iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ fún un lẹ́yìn náà nínú àwọn ilé Ọlọ́run ní Paris.

Nípa ti ìwé kíkà, lẹ́tà tí àwọn tí ó ríran ń kà, A, B, D, ni Haüy mú. Ó mú wọn tóbi, ó tẹ̀ wọ́n mọ́ bébà tútù kí wọ́n lè yọ jáde, kí ọmọ sì fi ìka tọ ipa wọn. Inú ẹni tí ó ríran yóò dùn láti wò ó, nítorí òun náà lè kà á. Ṣùgbọ́n fún ìka, iṣẹ́ líle ni. Kí ọmọ tó tọ ipa lẹ́tà kan yíká kí ó sì mọ̀ ọ́n, kí ó tún lọ sí èkejì, kí ó tó dé òpin ọ̀rọ̀, ó lè ti gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìwé náà tóbi, ó wúwo, iye rẹ̀ sì kéré. Èyí tí ó burú jù nínú rẹ̀ ni pé kò sí ọ̀nà tí ọmọ náà lè fi kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ kí ó sì tún un kà. A kọ́ ọ láti gba ohun tí ẹlòmíràn kọ. Òun kò ní ohun kan láti fi fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọdún 1821 Charles Barbier, ẹni tí ó ti ṣe ológun rí, mú ohun tuntun wá sí ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ó ti hùmọ̀ ọ̀nà kan láti kọ ọ̀rọ̀ láìlo kálámù tàbí tàdáwà, kí a sì lè kà á nínú òkùnkùn: a ó fi ohun ẹnu ṣónṣó gún bébà líle láti ẹ̀yìn, kókó kéékèèké a sì yọ ní ojú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọpọ́n ayò, ẹ gbé e nàró ní ọkàn yín: ọ̀wọ́ méjì, ihò mẹ́fà ní ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ 12. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àyè kókó Barbier rí. Ó kọ ìró èdè Faransé 36 sí ìlà mẹ́fà. Iye kókó tí ó wà ní ọ̀wọ́ kan ń sọ ìlà tí ìró wà, iye ti ọ̀wọ́ kejì sì ń sọ ipò rẹ̀ lórí ìlà náà. Inú àwọn ọmọ dùn nítorí kókó yára mọ̀ fún ìka ju ipa gbọọrọ lọ, àti nítorí pé nísisìyí wọ́n lè kọ̀wé. Ṣùgbọ́n ìró ni ó ń kọ, kì í ṣe lẹ́tà. Ẹni tí ó bá kọ́ ọ kò lè mọ bí a ti ń to lẹ́tà ọ̀rọ̀. Kò sí àmì ìdánudúró nínú rẹ̀, kò sí ti ìṣirò, kò sí ti orin. Àti pé ọpọ́n ayò gùn ju orí ìka lọ: ìka ní láti máa lọ sókè sódò kí ó tó mọ ohun kan ṣoṣo.

Ọmọ ọdún 12 ni Louis nígbà tí èyí dé ọwọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, nígbà tí iṣẹ́ ojúmọ́ bá parí, tàbí nígbà ìsinmi ní ilé bàbá rẹ̀, òun a máa gún kókó sórí bébà, a sì máa fi ìka tọ́ ọ wò. Ní ọdún 1824 ó ti rí i. Ohun tí ó ṣe kò le láti sọ: ó gé ọpọ́n náà sí méjì. Ó fi kókó mẹ́ta sí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ mẹ́fà, tó bẹ́ẹ̀ tí ìka ìfábẹ̀lá bo gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìrìn. Kókó mẹ́fà yìí lè jókòó ní oríṣi 63, ó sì tó fún lẹ́tà, fún àmì, fún ìṣirò àti fún orin. Ó sì tò wọ́n kí orí ọmọ má ba à dàrú. Lẹ́tà mẹ́wàá àkọ́kọ́ ń lo kókó mẹ́rin ti òkè nìkan: A jẹ́ kókó kan ní òkè lápá òsì, B jẹ́ méjì, ọ̀kan lábẹ́ èkejì. Fún mẹ́wàá tí ó tẹ̀ lé e, a tún mú mẹ́wàá ìṣáájú náà, a sì fi kókó kan kún un ní ìsàlẹ̀ lápá òsì. Ẹni tí ó bá mọ mẹ́wàá ti fẹ́rẹ̀ mọ gbogbo rẹ̀. Láti ọwọ́ ọ̀tún sí òsì ni a ń gún un, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ń kọ Lárúbáwá. Nígbà tí a bá yí bébà náà padà, a ó kà á láti òsì sí ọ̀tún. Irin kékeré ẹnu ṣónṣó tí a fi ń gún un jọ òòlu púpọ̀.

Pignier fẹ́ràn iṣẹ́ yìí, ó sì gbà kí àwọn ọmọ máa lò ó. Ní ọdún 1829 a tẹ ìwé tí Louis fi ṣàlàyé rẹ̀. Ó sì sọ nínú rẹ̀ láìfi pamọ́ pé ọ̀dọ̀ Barbier ni òun ti rí ìpìlẹ̀. Lẹ́tà ńláńlá ti Haüy ni a fi tẹ ìwé náà, nítorí pé kò ì sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn odi ilé-ẹ̀kọ́ náà tí ó lè ka kókó. Ní ọdún 1837 ó tún un ṣe, ó yọ àwọn ìlà kéékèèké tí ó ti fi kún un kúrò, ó sì di irú èyí tí a mọ̀ lónìí.

Òun fúnra rẹ̀ ti di olùkọ́ níbẹ̀ ní ìgbà yìí. Ní ọdún 1833 a gbé e sí ipò olùkọ́ pátápátá. Ó ń kọ́ni ní gírámà, ní ìṣirò, àti ní orin. Ó jẹ́ ẹni pẹ̀lẹ́ tí kì í pariwo. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ afọ́jú pẹ̀lú ń jáde lọ sẹ́nu iṣẹ́. A kò gbọdọ̀ fo Claude Montal dá, ẹni tí ó fúnra rẹ̀ kọ́ bí a ti ń tún ohùn dùùrù olókùn tò, tí ó sì kọ ìwé lórí iṣẹ́ náà ní ọdún 1836. Àwọn kan kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́ pé afọ́jú lè tú irú ohun èlò olówó iyebíye bẹ́ẹ̀ palẹ̀ kí ó sì tún un tò. Etí rẹ̀ ni ó dá wọn lóhùn. Láti ìgbà náà wá ni iṣẹ́ yìí ti di iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ afọ́jú fi ń bọ́ ilé wọn ní Yúróòpù.

Ọdún 1840 ni wàhálà dé. A yọ Pignier kúrò, a sì fi igbákejì rẹ̀, Dufau, rọ́pò rẹ̀. Dufau kò fẹ́ kókó. Ó mú lẹ́tà gbọọrọ irú ti àwọn ará Scotland àti Amẹ́ríkà wá, ó sì pàṣẹ pé òun ni kí gbogbo ọmọ máa kà. Kí á má ṣe rẹ́ ẹ jẹ, ìdí tí ó ní kì í ṣe ìdí òmùgọ̀. Ó bẹ̀rù pé bí ìwé afọ́jú bá yàtọ̀ sí ti àwọn ènìyàn yòókù, odi tuntun ni a ó mọ sí àárín wọn, àti pé ẹni tí ó ríran kò ní lè kọ́ afọ́jú mọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rere ni ó rò bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, ohun kan fara sin sábẹ́ ìrònú yìí: ojú ni wọ́n fi ń ṣèdájọ́ ohun tí a ṣe fún ìka, wọn kò sì bi ìka léèrè. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ náà kò jiyàn. Kókó ni wọ́n ń fi kọ ìwé sí ara wọn, kókó ni wọ́n fi ń pa ẹ̀kọ́ wọn mọ́, àwọn àgbà nínú wọn sì ń kọ́ àwọn tuntun.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé Louis kò bìkítà nípa odi tí Dufau ń bẹ̀rù, kí ó wo ohun tí ó ṣe. Ní ọdún 1839 ó gbé ọ̀nà mìíràn jáde, èyí tí afọ́jú lè fi kókó ya lẹ́tà àwọn tí ó ríran, kí ó lè kọ ìwé sí òbí rẹ̀ ní ilé kí wọ́n sì kà á fúnra wọn. Iṣẹ́ náà ń gba àkókò púpọ̀. Nítorí náà afọ́jú mìíràn, Pierre Foucault, tí ọwọ́ rẹ̀ yá sí irin, ṣe ẹ̀rọ kan fún un ní ọdún 1841, tí ó ń tẹ àwọn kókó náà fúnra rẹ̀. Èyí jẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí àwọn akọ̀wé ń lò tó wọ́pọ̀ láyé. Afọ́jú méjì ni ó ṣe é, kí wọ́n lè bá àwọn tí ó ríran sọ̀rọ̀.

Igbákejì Dufau, Joseph Guadet, ni ó yí ọkàn olùdarí náà padà díẹ̀díẹ̀. Ilé náà pẹ̀lú yí padà. Ní ọdún 1838 akéwì Lamartine ti lọ wo ilé àtijọ́ náà, ó sì dìde ní ilé ìgbìmọ̀ láti sọ ipò tí àwọn ọmọ wà. A dá owó sílẹ̀, wọ́n sì kó lọ sí ilé tuntun ní ọdún 1843. Nígbà tí a ṣí ilé náà ní gbangba ní oṣù Kejì ọdún 1844, Guadet ka ọ̀rọ̀ lórí ìwé kókó náà níwájú gbogbo àlejò, ó fi ìyìn fún ẹni tí ó ṣe é, a sì fi bí a ti ń kọ ọ́ tí a sì ń kà á hàn wọ́n. Ogún ọdún ti kọjá láti ìgbà tí ọmọ ọdún 15 náà ti rí ìdí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ilé àtijọ́ ti ṣe é níbi. Láti nǹkan bí ọdún 1835 ni ikọ́ ife ti mú un, àìsàn náà a lọ, a sì tún padà. Ó ń dá iṣẹ́ dúró, ó ń lọ sinmi ní Coupvray, ó sì ń padà sí kíláàsì. Ní òpin ọdún 1851 ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 6 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1852, ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí ó pé ọmọ ọdún 43, a sì gbé e lọ sin sí Coupvray. Ó fi àpótí kékeré kan sílẹ̀, ó sì pàṣẹ pé kí a sun ún láìṣí i. A ṣí i. Bébà gbèsè ni ó kún inú rẹ̀, owó tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ náà ti yá lọ́wọ́ rẹ̀. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi wọ́n.

Ọdún méjì lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ilẹ̀ Faransé gba ìwé rẹ̀ ní gbangba. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oríṣiríṣi ìwé afọ́jú ni ó wà, ẹgbẹ́ aláàánú kọ̀ọ̀kan sì ń jà fún tirẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó kọ́ ìwé ní ìlú kan kò lè ka ti ìlú kejì. Oníṣègùn kan, Thomas Armitage, tí ojú rẹ̀ ti ṣókùnkùn, kó àwọn afọ́jú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ ní ọdún 1868. Ó fi òfin lélẹ̀ pé ẹni tí kò bá lè fi ìka kàwé kò ní ohùn nínú ìgbìmọ̀ náà. Ẹni náà gbọ́dọ̀ mọ oríṣi ìwé mẹ́ta ó kéré tán, kò sì gbọdọ̀ ní èrè kan nínú èyíkéyìí. Nígbà tí wọ́n yẹ gbogbo rẹ̀ wò tán, ti Braille ni wọ́n mú. Ní ọdún 1878 ìpàdé àwọn olùkọ́ afọ́jú láti ilẹ̀ púpọ̀ ní Paris gbà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ará Amẹ́ríkà tún jiyàn pẹ́. Ọdún 1932 ni àwọn àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fi ohùn ṣọ̀kan. Ní ilẹ̀ tiwa, láti ọdún 1962 ni àwọn ọmọ ti ń kọ́ kókó mẹ́fà yìí ní ilé-ẹ̀kọ́ Pacelli ní Surulere, èyí tí ìjọ Kátólíìkì dá sílẹ̀. Lónìí kọ̀ǹpútà pàápàá wà tí ó ń gbé kókó náà sókè lábẹ́ ìka tí ó sì tún ń rẹ̀ wọ́n sílẹ̀.

Ní ọdún 1952, nígbà tí ó pé 100 ọdún tí ó ti kú, ìjọba Faransé hú egungun rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí Panthéon ní Paris, níbi tí wọ́n ń tẹ́ àwọn ẹni ńlá ilẹ̀ wọn sí. Àwọn ará Coupvray kò jẹ́ kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ. Wọ́n dá egungun ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúró, inú ìkòkò kékeré kan ni ó sì wà lórí ibojì àtijọ́ náà.